Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Tó Ń Darí Líìgì: Ẹ Kọ Ìpín Tíkẹ́ẹ̀tì Àlejò Sínú Òfin

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń darí ìdíje líìgì bọ́ọ̀lù wa,

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Èmi ni obìnrin tó máa ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa níhìn-ín ní Abẹ́òkúta nígbàkígbà tí eré bá gbé wa lọ sí ìlú mìíràn, èmi náà ni wọ́n sì máa ń dojú ọ̀rọ̀ kọ nígbà tí ìrìn-àjò bá já sí asán. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ní gbangba ni ìkéde tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù nípa sáà tó ń bọ̀, níbi tí ẹ ti sọ pé ẹgbẹ́ onílé ni yóò máa pinnu iye tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ àlejò yóò rí gbà, “bí àyè bá ṣe wà”. Ohun tí àwọn kan ti ń fi ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí ṣe tẹ́lẹ̀ ni ẹ wá fọwọ́ sí yìí. A kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì yín ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiwa pé àwọn ti gbà á, láti ìgbà náà ni a kò sì ti gbúròó nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e jáde kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè bá wa kà á.

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí “bí àyè bá ṣe wà” máa ń dà tó bá dé ẹnu géètì. Ní sáà tó kọjá, a lọ sí pápá-ìṣeré ńlá kan tó gba nǹkan bí 30,000 ènìyàn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹjọ́ pápá kan ṣoṣo ni ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ yìí dà, bẹ́ẹ̀ ìwà náà ti di bárakú ní ibi púpọ̀. Igba tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní àwọn lè fún wa. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: kò tó ìjókòó kan nínú ọgọ́rùn-ún. Fọ́tò tí àwọn tó rí ọ̀nà wọlé nínú wa yà lọ́jọ́ náà ṣì wà lórí fóònù mi, odidi apá kan pápá yẹn ló ṣófo, tí àwọn ọmọdé ń sáré gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lókè lódò. Àyè wà rẹpẹtẹ. Wọn kò kàn fẹ́ fún wa ni.

Igba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún pàápàá kò dé Abẹ́òkúta. Wọ́n ní kí a wá gbà á lọ́hùn-ún. Nígbà tí a débẹ̀, ọkùnrin kan tí kò wọ aṣọ ẹgbẹ́ kankan, tí kò sì fi káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn, ló ń yọ wọ́n látinú ọ̀rá dúdú kan. ₦500 ni wọ́n tẹ̀ sára tíkẹ́ẹ̀tì náà, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti fi bíró fa ìlà lé e, ó sì kọ ₦1,500 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní géètì kejì, níbi tí àwọn onílé ń gbà wọlé, tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà ni wọ́n ń tà ní ₦500 láìsí ìlà kankan lára rẹ̀. Mo rán ọmọ kan tí kò wọ ẹ̀wù wa pé kó lọ ra ọ̀kan wá. Méjèèjì wà nílé mi, inú ìwé àkọsílẹ̀ owó ọkọ̀ ni mo kó wọn sí.

Bàbá kan wà tó máa ń lu gángan fún wa, ẹni tó ti ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kiri láti ayé Abiola Babes, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ní ìlú yìí, tó gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1985, tó sì tún gbà á ní 1987. Wọ́n ní gángan kò gbọdọ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀, ìlù àti fèrè àwọn onílé ti ń dún kíkankíkan nínú pápá nígbà náà, gbogbo wa la ń gbọ́ ọ níta. Bàbá gbé ìlù rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà kan tó wà ní òdìkejì títì. Nígbà tí eré parí, ìlù ṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti fi abẹ gé ọsán rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbé e há abíyá, ó fún un, ìlù kò dáhùn. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń dájọ́ bọ́ọ̀lù fún ìlù.

Ní tèmi, n kò rí eré náà rárá. Àwọn ọkùnrin ló ń fọwọ́ yẹ ara wò lẹ́nu géètì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wa, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n pe obìnrin wá yẹ àwa obìnrin wò. Wọ́n ní kò sí obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, pé ẹni tí kò bá fẹ́ kó padà sílé. Àwa obìnrin tí a kọ̀ padà sínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí ariwo góòlù ta, a kò nílò rédíò kí a tó mọ̀ pé kì í ṣe tiwa, torí pé igba ènìyàn kò lè pa irú ariwo bẹ́ẹ̀.

2. Ọ̀rọ̀ ìpín tíkẹ́ẹ̀tì àlejò kì í ṣe àdììtú, àwọn mìíràn ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́. Nínú ìdíje UEFA ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó kéré tán, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìjókòó pápá ni ẹgbẹ́ onílé gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ fún àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ àlejò, ní apá ibi kan tí wọ́n dá yà. Ní Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 3,000 tíkẹ́ẹ̀tì ni àlejò lẹ́tọ̀ọ́ sí, bí pápá náà kò bá sì gba 30,000 ènìyàn, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ní FA Cup wọn, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àlejò lè béèrè fún. Nígbà tí owó tíkẹ́ẹ̀tì àlejò sì di èyí tó ń kọjá agbára àwọn ènìyàn níbẹ̀, tí àwọn alátìlẹ́yìn sì pariwo, àwọn ẹgbẹ́ Premier League fẹnu kò pé láti sáà 2016 sí 2017, kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n pọ́n-ùn lọ ní pápá èyíkéyìí.

Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń kún ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Pánṣẹ́kẹ́, ní Láfẹ́nwá àti ní Àsẹ̀rò, wọ́n ń rí igun kan ní Old Trafford tí àwọn àlejò dúró sí, tí wọ́n ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Wọ́n rò pé ìfẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan ló gbé àwọn yẹn débẹ̀. Òfin ló yọ̀ǹda igun yẹn fún wọn, onílé kò sì lè gbà á lọ́wọ́ wọn nítorí pé inú ń bí i. (Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí pé bí wọ́n bá lè fi ìdajì ariwo tí wọ́n ń pa nítorí Arsenal bá wa tẹ̀lé ẹgbẹ́ ìlú wọn, bọ́ọ̀sì wa kì bá tí máa ní àyè tó ṣófo. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

N kò sọ pé kí a sọ ara wa di Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà wa kò rí bíi tiwọn, owó oṣù wa kò sì tó tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí owó tó ń lọ nínú kí a kọ ìlà méjì sínú ìwé òfin. Ìdá márùn-ún nínú pápá tó gba 30,000 jẹ́ 1,500. Ní pápá-ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, èyí tí wọ́n fi orúkọ ọmọ ìlú wa Abíọ́lá pè láti ọdún 2019, tó ní ìjókòó 60,491, yóò lé díẹ̀ ní 3,000. A kò tíì kó 1,500 ènìyàn jáde ní Abẹ́òkúta fún eré líìgì rí, a kò sì ní kí wọ́n fi ìjókòó sílẹ̀ lófìfo nítorí wa. Èyí tí a kò bá tà, kí a dá a padà fún onílé ní ọjọ́ méjì ṣáájú eré, kí ó tà á fún àwọn tirẹ̀. Owó tí a bá pa lórí èyí tí a tà, tirẹ̀ náà ni. A kò bá ẹnikẹ́ni du owó géètì.

3. Mo mọ̀ pé ààbò ni ẹ ó fi dá wa lóhùn, nítorí òun ni ẹ kọ sí òkè ìkéde yín: bí àlejò bá kéré, ìjà yóò kéré. Ó jọ òótọ́, àfi bí ènìyàn bá wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Arema gba Persebaya lálejò ní pápá Kanjuruhan ní ìlú Malang, lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Nítorí ààbò yìí kan náà, wọn kò gba àwọn alátìlẹ́yìn Persebaya láàyè láti wá rárá. Onílé nìkan ló kún inú pápá. Nígbà tí Arema pàdánù, àwọn kan já wọ orí pápá, ọlọ́pàá yin tajútajú, kódà wọ́n yìn ín sí ibi tí àwọn ènìyàn jókòó sí, èrò sì ya lọ sí ẹnu ọ̀nà tí kò gbà wọ́n. Ènìyàn 135 ló kú. Ta ni àlejò tó fa ìyẹn?

Èyí tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa kò yàtọ̀. Ní Accra, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún ọdún 2001, nígbà tí Hearts of Oak àti Asante Kotoko pàdé, tajútajú àti géètì títì ló pa ènìyàn tó lé ní 120. Ní pápá Olembe ní Yaoundé, nígbà ìdíje ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ènìyàn mẹ́jọ kú níbi tí èrò ti ń tì ara wọn wọlé, ààrẹ CAF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà, fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé géètì tó yẹ kó wà ní ṣíṣí ni wọ́n tì. Ní pápá Sùúrùlérè tiwa ní Èkó, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ ọdún 1989, gbogbo ayé rántí Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, tó ṣubú lulẹ̀ tó sì kú nígbà tí a ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn òǹwòran tí wọ́n kú lọ́jọ́ kan náà nítorí pé èrò ti pọ̀ ju àyè lọ, ta ló ń dárúkọ wọn? Ìlànà ààbò FIFA sọ pé ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ mú tajútajú wọ pápá, pé ọ̀nà àbájáde kò sì gbọdọ̀ wà ní títì nígbà tí èrò bá wà nínú rẹ̀. Bí ààbò bá jẹ yín lógún, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Iye tíkẹ́ẹ̀tì àlejò tí ẹ gé kù kò ṣí géètì kan.

Ohun mìíràn tí ìkéde yín kò rò ni pé ẹni tí kò bá rí tíkẹ́ẹ̀tì àlejò kò ní jókòó sílé. Yóò ra ti onílé, yóò sì wọ àárín wọn lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú mìíràn: ó yí ẹ̀wù rẹ̀ sódì, ó jókòó jẹ́ẹ́ láàárín àwọn onílé fún bí wákàtí kan. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó ti fò sókè kó tó rántí ibi tó wà. Wọ́n ti yọ eyín iwájú rẹ̀ kí ó tó padà sílé. Bí wọ́n bá ti fún un ní ìjókòó láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí ó bá wù ú kó fò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní sí ẹni tí yóò ní kí ni. Ọlọ́pàá mẹ́wàá lè ṣọ́ àlejò ẹgbẹ̀rún kan tó wà lójú kan, ṣùgbọ́n kò sí iye ọlọ́pàá tó lè ṣọ́ àádọ́ta tí wọ́n fọ́n ká inú èrò.

4. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún onílé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀san ni yóò kẹ́yìn rẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà ní Scotland. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ Rangers gé tíkẹ́ẹ̀tì Celtic, ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń figagbága, ní pápá wọn, Ibrox, kù láti ohun tó lé ní 7,000 sí nǹkan bí 800, kí àwọn tiwọn lè rí ìjókòó sí i. Celtic san án padà fún wọn. Ó burú débi pé eré tí gbogbo ayé ń pé wò di èyí tí wọ́n ń gbá láìsí àlejò kankan lórí ìjókòó. Ìgbà tó di ọdún 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò láti dá a padà sí nǹkan bí ìdá márùn-ún, ìyẹn iye kan náà tí à ń béèrè fún yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jà kí wọ́n tó dé ibi tí ẹ̀yin lè bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ti ilé wa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojú kan ni mo fi ń wò. Ní pápá wa ní Kútọ̀ níhìn-ín, bí àlejò bá wá, a kì í sọ iye ìjókòó tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn títí wọn yóò fi dé. Mo ti bá àwọn alákòóso wa sọ ọ́. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé kí àwọn tí a lọ bá náà kọ́kọ́ ṣe tiwọn dáadáa. Ẹ rí i bí? Gbogbo onílé ló ń dúró de ara wọn. Kì í ṣe pé Kútọ̀ kò lè gba àlejò; ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà ìdíje eré-ìdárayá gbogbo-gbòò orílẹ̀-èdè yìí, àwọn eléré láti gbogbo ìpínlẹ̀ ló kún ìlú wa, a sì rí àyè fún wọn. Bí ẹ bá ṣòfin, Abẹ́òkúta ni kí ẹ kọ́kọ́ wá yẹ̀ wò.

5. Àwọn oníjàgídíjàgan wà nínú tiwa náà. Mo ti rí ẹni tó sọ ọ̀rá omi lu aṣọ́lé, mo sì ti rí ẹni tó mutí yó kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Kútọ̀. Ìdí nìyẹn gan-an tí a fi fẹ́ kí wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì wa ránṣẹ́ sí wa kí a fúnra wa tà á. Bí a bá tà á, a ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó rà á, a ó mọ bọ́ọ̀sì tó wọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í. Ẹni tó bá dá wàhálà sílẹ̀, àwa ni a ó nawọ́ sí i, kò sì ní rí tíkẹ́ẹ̀tì rà lọ́wọ́ wa mọ́. Ọkùnrin tó ń tà á látinú ọ̀rá dúdú kò mọ ẹni tó tà á fún.

6. Àkókò. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni eré sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn wa sì ní ọjà ní Ìtọ̀kú àti ní Kútọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí a kò bá mọ iye tíkẹ́ẹ̀tì wa títí di ọjọ́ Ẹtì, a kò lè mọ iye bọ́ọ̀sì tí a ó gbà, awakọ̀ á sì ti mọ̀ pé a kò ní ibi tí a ó yà sí. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà lójú ọ̀nà lálẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá bọ́ọ̀sì ní pàjáwìrì.

Fún ìdí wọ̀nyí, ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ fa gbólóhùn “bí àyè bá ṣe wà” yọ kúrò nínú ìkéde yín, kí ẹ sì fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìjókòó tó ṣeé lò ní pápá kọ̀ọ̀kan rọ́pò rẹ̀. Kí tíkẹ́ẹ̀tì náà dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àlejò ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú eré, pẹ̀lú orúkọ géètì tí a ó gbà wọlé lára rẹ̀. Kí iye owó rẹ̀ má ju èyí tí onílé ń san fún irú ìjókòó kan náà lọ, kí ẹ sì ka tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fi bíró yí owó ara rẹ̀ padà sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹgbẹ́ onílé yóò san owó ìtanràn lé lórí. Kí obìnrin máa yẹ obìnrin wò ní gbogbo géètì. Ohun tí wọ́n bá gbà láyè fún onílé, yálà ìlù, fèrè tàbí àsíá, kí wọ́n gbà á láyè fún àlejò. Kí aṣojú yín tó ń wo eré máa kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n pa òfin yìí mọ́ tàbí wọn kò pa á mọ́, kí ẹ sì máa gbé apá yẹn nínú ìjábọ̀ náà jáde fún gbogbo ènìyàn.

Bí ìdá márùn-ún bá pọ̀ jù lójú yín, ẹ sọ iye tí ẹ rí pé ó tọ́, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. A lè bá yín dúnàádúrà lórí iye. Ohun tí a kò ní gbà ni pé kí iye kankan má sí.

Eré àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa yóò lọ gbá nílùú mìíràn ní sáà tuntun ni a fi dá gbèdéke. Bí a kò bá rí èsì tí a kọ sínú ìwé kí ọjọ́ náà tó pé, a ó mú ẹ̀dà lẹ́tà yìí lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Òkè-Mosàn, a ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn ní ìlú yòókù kí wọ́n lè fọwọ́ sí i. Méjì nínú wọn ti béèrè fún ẹ̀dà tiwọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùgba-owó-ọkọ̀ fún àwọn alátìlẹ́yìn,
Abẹ́òkúta.